Ẹ sọ odindi ọ̀rọ̀ fún wa

Ẹ̀yin tèmi, thread gígùn lèyí. Ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ lórí pull request, kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò rí rí, tó wà ní ìlú mìíràn, tí èdè wọn ò pa pọ̀, tó wá ń retí kó di odindi nínú ẹni yẹn, àkókò olómìíràn ló ń fi ṣòfò.

Ohun tó fà á rèé. Lánàá, ọmọ kan fi screenshot ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ code ránṣẹ́ sí open source project kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń retí èsì. Èsì wá dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Please fix style."

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, style wo?"

Mo ka code náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi náà ò mọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ code, ẹ má sá lọ, ó máa yé yín. Open source ni code tí gbogbo ayé lè kà, tí gbogbo ayé sì lè tún ṣe. Tí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, wàá tún un ṣe, wàá wá fi àtúnṣe rẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni iṣẹ́. Ìyẹn ni pull request. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní maintainer, á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á wọlé. Àyẹ̀wò yẹn ni code review.

Nígbà àyẹ̀wò yìí, wọ́n lè bá ọ wí pé code rẹ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n sì lè bá ọ wí pé ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò jọ ti àwọn ará ilé. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní style. Ṣé space méjì ni àbí mẹ́rin? Ṣé ' ni àbí "? Ṣé getName ni àbí get_name? Kọ̀ǹpútà ò bìkítà, èèyàn ló bìkítà. Ó sì yẹ kó bìkítà, torí code tí igba èèyàn kọ ní igba ọ̀nà, kíkà rẹ̀ ìyà ni. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi style sílẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ni.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Mò ń lo irinṣẹ́ Python kan tó ń ka fáìlì tí orúkọ àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀. Lórí laptop mi tó jẹ́ Windows, gbogbo ẹ ló ń di áº¹, gbogbo ṣ ń di á¹£. Tó bá wá kan ọ kékeré, program yẹn á kú fin-ín fin-ín. Ẹ rò ó wò o. Irinṣẹ́ tó ka John, tó ka Mary, kí Bọ́lá wọlé báyìí, ó ṣubú lulẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé tí o kò bá sọ fún Python irú encoding tí wọ́n fi kọ fáìlì, Python orí Windows á mú èyí tí Windows ń lò, tó sábà máa ń jẹ́ cp1252 fún irú kọ̀ǹpútà tiwa yìí. Bẹ́ẹ̀ UTF-8 ni wọ́n fi kọ fáìlì mi. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ọ kan ṣoṣo, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn kò sì ní ìtumọ̀ kankan nínú cp1252. Ibẹ̀ ló ti ń kú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le rárá. encoding="utf-8" ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣí fáìlì. Ibi márùn-ún péré. Mo kọ test kan tì í tó ní orúkọ màmá mi nínú. Test náà yege. Mo fi ránṣẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo pe màmá mi pé orúkọ wọn ti ń lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní ṣé físà ni mo rí gbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, maintainer kan dáhùn: "Please follow our style."

Kò sọ ìlà wo. Kò sọ òfin wo. Kò sí ìwé ìlànà kankan nínú repo náà. Mo ní ó dáa, Python ni, PEP 8 ni wọ́n ń wí. PEP 8 ni ìwé ìlànà ìkọ code tí Guido van Rossum tó dá Python sílẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001. Mo jókòó, mo kà á láti òkè délẹ̀. Mo ka lẹ́tà inú ìlà kọ̀ọ̀kan kó má ju 79 lọ. Mo tún ìdí àti orí code yẹn tò. Mo tún un fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá. "Still inconsistent with the rest of the codebase."

Haa. Mo ṣí àwọn fáìlì yòókù. Mo rí ' níbì kan, mo rí " níbòmíràn, mo ní kì í ṣe ìyẹn nìyẹn. Mo yí orúkọ variable padà. Mo yí ètò import padà. Iná ò sí lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ oníbáábà tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ni mo ti lọ gba laptop mi lágbára, mo sanwó. Dátà, mo ra. Mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹnikẹ́ni ò fèsì mọ́. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, róbọ́ọ̀tì kan wá, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù, ó pa á dé.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Abẹ́ pull request ẹlòmíràn ni mo ti bá a pàdé, níbi tí maintainer yẹn gan-an ti ṣàlàyé pé ' làwọn ń lò fún code tuntun, àwọn tó ní " jẹ́ ti àtijọ́. Ó tán. 'utf-8' dípò "utf-8". Ibi márùn-ún. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí.

Èyí tó dùn mí jù nìyí: mo lè ka PEP 8 títí dọ̀la, mi ò ní rí i níbẹ̀. PEP 8 fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ' àti ". Kí kálukú mú ọ̀kan, kó dúró tì í. Òfin tó wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wá kiri nínú ìwé.

"Follow our style." Style wo nínú gbogbo wọn? Linux kernel ń lo tab, tab ọ̀hún á sì fẹ̀ tó space mẹ́jọ. Python ní space mẹ́rin. Go ní tab, ẹ̀rọ ló sì ń bá ọ tò ó. Kí ìlà gùn tó mélòó? PEP 8 ní 79. Black, irinṣẹ́ tó ń to code Python, ní 88. Ní 2020, irinṣẹ́ tí Linux fi ń yẹ code wò kúrò ní 80, ó di 100. Ẹ sì mọ ibi tí 80 yẹn ti wá? Káàdì oníhò tí IBM gbé jáde ní 1928 ló ní òpó 80. Títí dòní, àwa tí a kò fojú kan káàdì oníhò rí, a ṣì ń jà lórí ẹ̀.

Nítorí náà, àṣà lásán ni, èèyàn ló mú un, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú wo lẹ rí tí wọ́n ń dúró de àlejò lẹ́nu odi, tí wọ́n ń pariwo "Bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ wa!", tí wọn ò ní sọ ohun tí èèwọ̀ náà jẹ́?

Mo rántí olùkọ́ Yorùbá wa ní sẹ́kọ́ńdírì. Bàbá mi àgbà ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ nílé, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà tiwọn ni mo sì ń kọ ọ́: "enia", "aiye". Olùkọ́ yìí fa ìlà pupa sábẹ́ "enia", wọ́n kọ "ènìyàn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni à ń lò, bí a ti ń pè é ni ká kọ ọ́. Wọ́n tún ní, "Bí bàbá rẹ àgbà ṣe kọ ọ́ kì í ṣe àìmọ̀wé o, ti àtijọ́ ni." Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́. Mo mọ ibi tí mo ti ṣì í, mo mọ èyí tó tọ̀nà, mo mọ ibi tí òfin ti wá, bàbá mi àgbà ò sì di òpònú. Ẹni yìí ò mọ nǹkan kan nípa GitHub. Reviewer gidi ni wọ́n.

Gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú ìlà pupa yẹn. Ìlà wo? Kí ni kí n kọ síbẹ̀? Níbo ni òfin náà wà? Mo kàn fi ìkan kún un: ṣé dandan ni, àbí ó kàn wù yín bẹ́ẹ̀?

Ìkan tó kẹ́yìn yìí ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn o. Àwọn òyìnbó máa ń fi "nit:" síwájú kọ́mẹ́ǹtì tí kì í ṣe dandan. Ìlànà code review tí Google gbé síta náà dámọ̀ràn rẹ̀. Ẹyin iná orí ni nit jẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan kékeré ni, ìwọ lo máa pinnu. Àmọ́ ta ló sọ fún ọmọ Ìwó tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́? Ó rí "nit", ó rò pé orúkọ tool kan ni, ó lọ wá a lórí Google. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní kíkún: "kì í ṣe dandan, mo ṣì máa gbà á wọlé báyìí náà." Kò gùn jù.

Tó bá sì jẹ́ pé ohun tó wù yín lásán ni, tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ jẹ́wọ́. "Èmi fẹ́ràn ẹ̀ báyìí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ohun tó burú ni kí èèyàn wọ agbádá òfin fún ìfẹ́ inú ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa tẹ̀ ẹ́ báyìí pé: "Maintainer ò gba owó oṣù o, ó ti rẹ̀ wọ́n." Òótọ́ ni. Ní Hacktoberfest ọdún 2020, àwọn èèyàn ń fi pull request játijàti ránṣẹ́ torí T-shirt, ọ̀pọ̀ maintainer sunkún, débi pé láàárín oṣù yẹn gan-an ni wọ́n yí òfin padà pé project tó bá gbà láti kópa nìkan ni wọ́n máa kà. Mo wà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá fi ìdọ̀tí ránṣẹ́, ẹ pa á dé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí tèmi, maintainer yẹn ṣí pull request mi lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ká ní ó kọ "Use single quotes on lines 12, 40, 77", ìgbà kan ṣoṣo ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ò dín iṣẹ́ kù fún ẹni tó rẹ̀. Ìlọ́po iṣẹ́ ló jẹ́.

Àti pé ta ló ní kí èèyàn máa ka space láyé tí a wà yìí? Go wá pẹ̀lú gofmt látìgbà tí wọ́n ti gbé e síta ní 2009. O kọ code bó ṣe wù ọ́, gofmt á tò ó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí gofmt, torí kò mọ orúkọ rẹ, kò mọ ìlú rẹ, bó ṣe ṣe fún ọ̀gá ló ṣe fún ọmọṣẹ́. Python ní Black, JavaScript ní Prettier. Ẹ gbé wọn sínú project yín, ẹ kọ ìlà kan sínú CONTRIBUTING.md pé "run eléyìí kí o tó fi ránṣẹ́". Ohun tí ẹ̀rọ lè sọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́. Ẹ fi ẹnu yín pamọ́ fún ohun tí ẹ̀rọ ò lè rí.

Torí ohun kan wà tí ẹ̀rọ ò lè rí nínú code mi yẹn. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ní fáìlì àtijọ́ tí wọn ò fi UTF-8 kọ? Àtúnṣe tí mo ṣe nítorí Bọ́lá lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn! Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí. Orí ' àti " la wà.

Parkinson, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti 1957. Ó ní ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà, kíá ni wọ́n fọwọ́ sí i, torí kò yé wọn. Ó wá kan àtíbàbà tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa gbé kẹ̀kẹ́ sí, gbogbo wọn wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1999, Poul-Henning Kamp fi ìtàn yìí bá àwọn ará FreeBSD wí, látìgbà náà ni bikeshed ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwa oníkódù.

Àwọn kan tún máa ń rò pé kí ọ̀rọ̀ le ni kí ọ̀rọ̀ yé. Rárá o. Ní 2018, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba lórí bó ṣe máa ń bú àwọn èèyàn, ó sì gba ìsinmi díẹ̀. Èébú kì í sọ ìlà wo. Àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ náà lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, "maybe we could perhaps consider…" Consider kí ni? Ọmọ Yorùbá lè dọ̀bálẹ̀ kó sì sọ ojú abẹ níkòó. A kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi náà, torí ẹnì kan nínú yín mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, mo ti di ẹni tó ń ṣe review fún project kékeré kan. Ọmọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ fi code ránṣẹ́. Code tó dáa ni. Mo wà nínú dánfó, mo kà á lórí fóònù, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan: "naming". Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní ọjà, mo gbàgbé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó wọ DM mi: "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi sọ pé naming? Mo ti yí gbogbo orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, test wá ń fọ́. Ẹ má bínú."

Fáìlì mẹ́rìnlá ló ti fọwọ́ kàn. Function kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn. getData, kó di get_data. Òun ló wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n." Kò padà wá mọ́. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn fi emoji ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ dáhùn. Mo dá code rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo yí ọ̀rọ̀ kan yẹn padà fúnra mi, mo gbà á wọlé, mo fi Co-authored-by kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú méjì ló gbà mí. Mi ò sì ro ti ìṣẹ́jú méjì yẹn kí n má rántí oníbáábà tó ní jẹnẹrétọ̀.

Látìgbà yẹn, mi ò kì í ṣe review nínú dánfó mọ́.

Ní ti ọmọ àná yẹn, mo ti lọ sábẹ́ pull request rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo kí maintainer náà, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo wá bi í pé: "Which line, and which rule?" Kò tíì dáhùn. Tó bá dáhùn, màá gbé e wá sísàlẹ̀ ibí.